Ìbọn Ọdẹ́rìndé Tí Kò Ní Apátí

Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Òwe yìí kò ṣàjèjì sí etí ẹni tó bá dàgbà lọ́dọ̀ àgbà. A ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó ń kìlọ̀ fún ọmọ, àwa náà sì ti fi ti ọ̀rọ̀ tiwa lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ta ló sì sọ ọ́ fún? Apátí ni irin kékeré tí ọdẹ ń fi ìka fà kí ìbọn tó dún. Ìbọn tí a bá ti yọ apátí rẹ̀ sílẹ̀, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò yàtọ̀ sí ọ̀pá tí a fi ń rìn. Bí wọ́n ṣe pìtàn rẹ̀ fún mi ni n ó ṣe pa á fún yín.

Ọdẹ kan wà ní ìlú Ìsàlẹ̀-Àpáta, Ọdẹ́rìndé ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe òun ni Olúọdẹ, kì í sì í ṣe òun ló pa ẹran jù, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹ̀tù àti ọta, òun ni gbogbo ọdẹ ìlú ń tọ̀ lọ. Ìkarahun ìgbín kékeré kan ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó mọ ìbọn tó ń fẹ́ ẹ̀tù ìkarahun kan géérégé, ó mọ èyí tó ń fẹ́ kan àti ààbọ̀, ó sì mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀tù mọ́ láéláé, àfi kí wọ́n fi ṣe igi ìdáná. Ó máa ń sọ pé ikùn ni inú ìbọn: bí oúnjẹ bá pọ̀ jù, yóò bì í sí ẹni tó bọ́ ọ lójú, bí kò bá tó, kò ní lè ṣiṣẹ́. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kì í fún wọn, ìbọn tí òun fọwọ́ kì kò sì bú mọ́ ọdẹ kankan lọ́wọ́ rí.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ohun kan ń ṣe Ọdẹ́rìndé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iyè rẹ̀ ń ṣí. Yóò wọ yàrá tán, kò ní mọ ohun tó wá mú. Yóò pe ọmọ kan, yóò pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Lọ́jọ́ kan ó sá ẹ̀tù sóòrùn, ó kó o wọlé, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́ ó tún jáde láti wá kó ẹ̀tù náà, ó dúró síbi tí ó sá a sí, ó ń wo ilẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oòrùn ló mú un lórí. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan.

Ẹfọ̀n kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹfọ̀n náà ti ń jẹ oko àwọn ará ìlú, ó sì ti kan àgbẹ̀ kan, mẹ́ta nínú egungun ìhà ọkùnrin náà sì kán. Olúọdẹ wá dá ọjọ́ tí gbogbo ọdẹ yóò jọ wọ ìgbẹ́ tọ̀ ọ́ lọ, ọjọ́ kẹsàn-án sí ọjọ́ náà. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, ó rí i pé ọ̀pá rẹ̀ ti gbó. Ẹnu rẹ̀ ti jẹ bí etí àwo àtijọ́, inú rẹ̀ sì ti fẹ̀ ju ọta rẹ̀ lọ. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Ògúngbèmí alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, pé kó wá ọ̀pá mìíràn fún òun.

Ọ̀pá mẹ́ta ni Ògúngbèmí gbé jáde. Ọ̀kan gùn, ihò inú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọta irú rẹ̀ á lọ jìnnà, á sì lọ tààrà, ṣùgbọ́n ọta kékeré ni. Ẹfọ̀n lè gbé e sára kó máa bá eré rẹ̀ lọ. Èkejì kúrú, inú rẹ̀ fẹ̀ débi pé àtàǹpàkò ọkùnrin ń wọ ibẹ̀ láìfarakan ẹ̀gbẹ́. Ọta ńlá ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tù tó ń jẹ pọ̀, ó sì máa ń kan èjìká ẹni bí àgbò. Ẹ̀kẹta ni kò tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sì fẹ̀. Ògúngbèmí ní bó bá jẹ́ pé òun ni ọdẹ, èyí tó wà láàrin ni òun yóò mú. Ọdẹ́rìndé ní wọn kì í fojú mú ọ̀pá ìbọn, ó di ìgbà tí òun bá gbọ́ ohùn rẹ̀.

Wọ́n ṣe ìdí ìbọn náà kí ó lè gba ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òrùka irin tí ń dì í mú. Ọdẹ́rìndé kó wọn lọ sí ẹsẹ̀ àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí igi àràbà gbígbẹ kan wà. Ó fi ẹfun sàmì sí ara igi náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fẹ́ yin ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Nítorí ohun tó ń ṣe é, tí kò fẹ́ kí ó yọ òun lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ó ka ẹ̀kùrọ́ mẹ́sàn-án sínú àpò òsì gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá ti ki ìbọn, yóò mú ẹ̀kùrọ́ kan kúrò lósì sí ọ̀tún.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kò fún un ní wàhálà. Ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ igi nítòsí ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò wọlé jìn. Ọ̀pá fífẹ̀ fa èèpo igi ya, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọ̀pá àárín ló wá dà á láàmú. Ó fún un ní ìkarahun kan àti ààbọ̀, ọta wọ igi lókè àmì. Ó bù ú kù sí ìkarahun kan, ọta bá àmì gan-an. Ó fẹ́ tún un yìn kó lè dá ara rẹ̀ lójú, ó bu ẹ̀tù sí i, ó fi àkísà tẹ̀ ẹ́, ó ju ọta sí i, ó fi ọ̀pá ìkìbọn kì í, ó mú ẹ̀kùrọ́ kan sọ́tùn-ún. Bó ṣe gbé ìbọn dé èjìká ni kò rántí mọ́ bóyá ìkarahun kan ni òun bù, tàbí kan àti ààbọ̀.

Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìbọn wà léjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fà á. Iná bù yẹ̀rì létí ihò kékeré ìdí ìbọn, níbi tí iná ti ń wọlé bá ẹ̀tù, èéfín bò ó lójú, ó gbọ́ ìró, àpáta sì dá ìró náà padà lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Nígbà tí èéfín kúrò, ó lọ wo igi. Kò rí ihò tuntun. Ó ka ihò tó wà níbẹ̀, ó rí mẹ́jọ. Ó tún un kà, ó rí mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn jọ èyí tí kòkòrò lu. Ó ní bóyá ọta ti fò kọjá lórí igi, ìyẹn ni pé kan àti ààbọ̀ ni òun bù. Ó tọwọ́ bọ àpò ọ̀tún. Ẹ̀kùrọ́ mẹ́sàn-án pé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó mú ọ̀nà ilé àgbẹ̀dẹ pọ̀n, ó sì gbàgbé ọ̀pá ìkìbọn síbi tó fi ti igi.

Nígbà tó dé, ó sọ fún Ògúngbèmí pé ọ̀pá àárín ni òun yóò mú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò tíì mọ oúnjẹ rẹ̀ dájú. Ògúngbèmí gbọ̀n ìbọn náà wò. Ó ní òrùka ìdí ọ̀pá kò dì í mú dáadáa, òun yóò rọ òmíràn kí òun sì fi í sí i ní gbígbóná, kí ó lè fún mọ́ ọn bó bá tutù. Ó ní apátí rẹ̀ náà ti rọ̀. Ó yọ apátí sílẹ̀, ó gbé e sórí ẹní, ó sì ti òrùka irin bọ iná.

Bí wọ́n ti ń retí òrùka kó pọ́n, Àwẹ̀ró dé pẹ̀lú iṣu sísun tó gbé wá fún ọkọ rẹ̀. Ó kí alágbẹ̀dẹ, ó gbé iṣu sílẹ̀, ó jókòó sórí kùkùté igi tí àwọn àlejò máa ń jókòó sí níwájú àgbẹ̀dẹ. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn dání ní ìdábùú, ìdí rẹ̀ sọ́dọ̀ iná, ẹnu rẹ̀ síta. Ògúngbèmí mú ẹ̀mú. Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó wo ìbọn náà, ó sì dìde.

Ọdẹ́rìndé bi í pé kí ló gbé e dìde.

“Mo fẹ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ojú ìbọn yẹn ń wò mí.”

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fi àgbọ̀n júwe apátí tó wà lórí ẹní. “Ìyá Ọdẹ́yẹmí, apátí rẹ̀ rèé nílẹ̀. Kí ni yóò yìn ín? Jókòó jẹ́ẹ́.”

“Ṣé ẹ ti ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀ wò?”

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò bá Ọdẹ́rìndé lára mu. Ìṣojú Ògúngbèmí ni ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́. Ọdẹ tí kò mọ̀ bóyá ẹ̀tù wà nínú ìbọn òun tàbí kò sí ni wọ́n ń ní kó ti ọ̀pá bọ ìbọn wò, òun sì ni olùkọ́ gbogbo ọdẹ ìlú. Ó wá ń rò ó pé àbí Àwẹ̀ró ti mọ̀ ni? Àbí ó ti rí mi lọ́jọ́ tí mo ń wá ẹ̀tù lórí ilẹ̀? Ó wo ilẹ̀ kó lè mú ọ̀pá ìkìbọn, kò rí i, kò sì rántí ibi tó fi í sí. Èyí tún bí i nínú. Ó fọwọ́ kan àpò ọ̀tún rẹ̀, ó gbọ́ bí ẹ̀kùrọ́ ṣe ń dún níbẹ̀. Mẹ́sàn-án ni. Ó ti kà á. Ó sọ̀rọ̀ sókè, ó ní ṣé òun ni obìnrin yóò wá kọ́ ní ìbọn kíkì lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó ní kó padà jókòó síbi tó ti dìde, kí ó má ṣe fi òun ṣe ẹlẹ́yà lójú ọ̀rẹ́ òun.

Àwẹ̀ró kò gbé ohùn sókè. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde.

“Bàbá Ọdẹ́yẹmí, n kò sọ pé ẹ kò mọ iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?”

Ó sì gba ẹ̀yìn Ògúngbèmí kọjá, ó lọ dúró nídìí ẹwìrì. Ògúngbèmí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ó fi ẹ̀mú yọ òrùka tó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó tì í bọ ọ̀pá ìbọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ owú kàn án lọ sí ìdí.

Ìgbà kẹta tí ọmọ owú balẹ̀ ni ìbọn dún.

Ọdẹ́rìndé bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Èéfín kún ilé àgbẹ̀dẹ, etí rẹ̀ ń hó bí omi tó wà lórí iná. Ìbọn ti fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ti gbá a láyà. Ògúngbèmí jókòó sílẹ̀ lápá kejì, ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo apátí tó wà lórí ẹní bí ẹni pé apátí yóò dìde rìn.

“Ta ló yìn ín?” ni Ọdẹ́rìndé bèèrè. Ó ro pé òun pariwo, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Kùkùté tó wà níwájú àgbẹ̀dẹ ti là sí méjì láti òkè délẹ̀, ọta sì ti gba àárín rẹ̀ kọjá, ó lọ wọ òpó tó wà lẹ́yìn. Ògúngbèmí dìde, ó lọ fi ìka wọn ihò tó wà lára òpó. Ìka rẹ̀ wọlé tán. Ó pa ojú dà, ó sì sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tí òun fi sọ ọ́.

“Ọ̀pá yìí dára.”

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìndé ti ń rákò lọ sídìí kùkùté náà, ó ń fọwọ́ wá ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀. Ó ti gbàgbé pé Àwẹ̀ró ti dìde. Lójú tirẹ̀, ibẹ̀ ló jókòó sí, ibẹ̀ ni òun pàṣẹ pé kí ó jókòó sí, nítorí náà ibẹ̀ ni òkú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí ọwọ́ kan dì í mú láti ẹ̀yìn, ó yíjú padà, ó rí Àwẹ̀ró. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ọkọ rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, bí ẹni tó ń ra ẹran lọ́jà tó ń wò ó bóyá ó pé.

Lẹ́yìn náà ó kó ẹ̀kùrọ́ jáde, ó dà wọ́n sílẹ̀, ó kà wọ́n. Mẹ́sàn-án. Ó tún wọn kà.

“Mo kà á pé,” ló ń wí. “Àwẹ̀ró, mo kà á pé.”

Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là nígbà tí oòrùn yí. Àwẹ̀ró ti mú un délé, ó ti fi òrí pa á láyà. Ọdẹ́rìndé sọ fún un pé iyè òun ń ṣí, pé ó ti pẹ́ díẹ̀, pé òun kò mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́. Àwẹ̀ró ní òun ti mọ̀ láti ìgbà ìkórè àgbàdo. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun. Àwẹ̀ró ní òun ń retí kí ọkọ òun kọ́kọ́ sọ fún ara rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà lódì kejì àpáta wá kí Ọdẹ́rìndé, ó ní òun náà yin ìbọn ní àárọ̀ àná láti lé ọ̀bọ lóko, òun sì ń gbọ́ ìbọn ọdẹ lódì kejì. Ìró ìbọn àgbẹ̀ yìí ni Ọdẹ́rìndé gbọ́ tó rò pé tòun ni. Òógùn ọwọ́ rẹ̀ ló ti kán sí etí ihò kékeré ìdí ìbọn, ẹ̀tù díẹ̀ tó wà lóde ihò náà nìkan ló jó, iná kò dé inú. Òótọ́ ni pé ẹ̀kùrọ́ pé mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n kíkì ló ń kà, kì í ṣe yíyìn. Ẹ̀tù tó kù nínú ọ̀pá ni òrùka gbígbóná bá pàdé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti gba ìlú kan kí wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní Ògún ló fọwọ́ ara rẹ̀ yin ìbọn náà. Àwọn kan ní Àwẹ̀ró ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé obìnrin lásán kò lè dìde lásìkò bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdẹ ní tiwọn kò rí nǹkan mìíràn sọ ju pé ẹ̀rù ba ìyàwó Ọdẹ́rìndé. Nígbà tí wọ́n péjọ sí ẹ̀hìnkùlé Olúọdẹ láti múra ìgbẹ́ ẹfọ̀n, ọdẹ kan sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín pé obìnrin tó bá ń sá fún ìbọn tí kò ní apátí, ilé aláró ni ì bá fẹ́ sí, kì í ṣe ilé ọdẹ.

Ọdẹ́rìndé dìde. Ó jáde lọ. Wọ́n rò pé inú ló bí i. Nígbà tó padà, ó gbé ìlàjì kùkùté kan lórí, Ògúngbèmí gbé ìlàjì kejì tẹ̀lé e. Wọ́n tò wọ́n pọ̀ sáàrin àgbàlá, bí ọta ti là wọ́n sì hàn kedere. Ọdẹ́rìndé sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò sì bo ara rẹ̀: bí kò ṣe rántí ìwọ̀n ẹ̀tù tó bù, bó ṣe gbàgbé ọ̀pá ìkìbọn, bó ṣe pàṣẹ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó jókòó. Ojú ń tì í, wọ́n rí i pé ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ parí. Ó wá mú ìbọn náà tó ti gbé wá, tó fi ti ògiri, ó fi ibi tí apátí yẹ kó wà hàn wọ́n. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Ẹ̀tù kò sí nínú rẹ̀ lónìí,” ló wí. “Èmi àti Ògúngbèmí ti ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú yín, kó wá jókòó sórí kùkùté yìí, kí n kọ ojú rẹ̀ sí i.”

Wọ́n wo ìbọn. Wọ́n wo kùkùté. Ọdẹ tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í tún okùn àpò rẹ̀ so. Olúọdẹ fúnra rẹ̀, tí ìbọn náà fẹ́ kọjú sí díẹ̀ níbi tó jókòó, sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìmọ̀.

“Ṣé ẹ rí i?” ni Ọdẹ́rìndé wí. “Ohun tí Àwẹ̀ró bi mí nìyẹn, n kò sì rí i dá lóhùn. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?”

Wọ́n pa ẹfọ̀n náà ní ọjọ́ kejì tí wọ́n wọ ìgbẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìbọn Ọdẹ́rìndé ló pa á. Láti ìgbà náà, bí ó bá fẹ́ ki ìbọn fún ẹnikẹ́ni, Àwẹ̀ró ni yóò jókòó tì í, tí yóò máa ti ọ̀pá bọ inú ìbọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn. Àwọn ọdẹ ń gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn jiyàn lórí ìkarahun kan àti ààbọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tún sọ pé ẹ̀rù ń ba obìnrin náà.

Ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí àwọn kan bá ń rọ ènìyàn pé kó dúró níwájú ewu, tí wọ́n ń sọ fún un pé ewu náà kò lágbára, pé eyín rẹ̀ ti ká, pé kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn àgbà sì ń pa á láti gbèjà ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní ojo nítorí pé ó yẹra, àti fún ẹni tí inú ń bí nítorí pé a yẹra fún ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé a kò fọkàn tán ẹni tó gbé ìbọn dání. A kàn mọ̀ pé ẹni tó gbé e dání pàápàá lè má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?